George Pólya

George Pólya (orúkọ rẹ̀ ní èdè Húngárì ni Pólya György, 13 Oṣù Kejìlá 1887 – 7 Oṣù Kẹsàn-án 1985) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti olùkọ́ tí a bí ní ìlú Budapest, ní orílẹ̀-èdè Húngárì. Ó kọ́ni ní ìlú Zürich láti ọdún 1914 títí di ọdún 1940, lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ̀ ọ́n fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìṣeéṣe, ìmọ̀ nọ́ńbà àti ọgbọ́n kíka iye ọ̀nà tí a lè gbà to nǹkan. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama sì mọ̀ ọ́n jù lọ fún ìwé rẹ̀ How to Solve It (1945), tí ó fi ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè ran akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ìṣirò ṣòro fún lọ́wọ́ láì bá a ṣe iṣẹ́ náà.

## Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Pólya sínú ìdílé tí ó ti inú àwọn Júù wá. Agbẹjọ́rò ni Jakab, bàbá rẹ̀. Anna ni orúkọ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1897, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún 10. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Jenő, tí ó di oníṣẹ́ abẹ tí ó lókìkí, wà lára àwọn tí ó ná owó sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá wọn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Budapest, Pólya kì í ṣe ọmọ tí a ń tọ́ka sí nítorí ìṣirò. Lítíréṣọ̀ àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó fẹ́ràn. Nígbà tí ó dàgbà, ó sọ pé nínú àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí ó kọ́ òun ní ìṣirò, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó dára. Húngárì ní ìdíje ìṣirò kan nígbà náà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, èyí tí wọ́n fi orúkọ Eötvös pè. Pólya jókòó fún ìdíje náà, ṣùgbọ́n kò fi ìwé ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn bí 40 ọdún, òun náà yóò dá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ girama ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ìdí ìṣirò kò tọ́ tààrà. Ìmọ̀ òfin ni ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Budapest, ó sì sú u lẹ́yìn sáà kan. Ó yí padà sí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí tí ó fún un láṣẹ láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ní girama ní èdè Látìnì àti èdè Húngárì, ṣùgbọ́n kò lo ìwé-ẹ̀rí náà rí. Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sí ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì. Bernát Alexander, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń kọ́ ọ ní fìlọ́sọ́fì, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ ìṣirò àti físíìsì, kí fìlọ́sọ́fì lè yé e dáadáa. Ìgbà tí ó débẹ̀ kò padà mọ́. Onímọ̀ ìṣirò Lipót Fejér wà lára àwọn tí ó ní ipa lórí rẹ̀ jù lọ. Pólya lo ọdún ẹ̀kọ́ 1910 sí 1911 ní Vienna, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Budapest ní ọdún 1912 pẹ̀lú iṣẹ́ lórí ìmọ̀ ìṣeéṣe.

Nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó dé ìdí ìṣirò, ìbéèrè kan wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó máa ń gbọ́ àlàyé olùkọ́ lórí pátákó, ó sì máa ń gbà pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe lè fúnra rẹ̀ ronú kan irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé kò dáhùn ìyẹn.

## Ọmọ tí ìṣirò ṣòro fún

Nígbà tí Pólya ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ń fi kíkọ́ ọmọ ẹni ní ilé wá owó ìjẹun. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ ni ọmọ ìjòyè kan, tí ìṣirò ń dà láàmú. Pólya ṣàkíyèsí pé kì í ṣe pé ọmọ náà kò ní ọpọlọ. Ohun tí ó sọnù ni pé kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá gbé iṣẹ́ tí kò rí rí síwájú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ṣe iṣẹ́ náà níṣojú rẹ̀, yóò yé e. Bí a bá gbé òmíràn fún un, yóò tún dúró. Pólya lo ọ̀pọ̀ wákàtí láti ronú nípa ọ̀nà kan tí ọmọ náà lè máa tẹ̀ lé, tí yóò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tí ó kọ sílẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ọ̀nà ń dí mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń múra ọmọkùnrin kan sílẹ̀ fún ìdánwò, ó sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ jẹ́ómẹ́tírì kan tí kò le púpọ̀ fún un. Láàárín àlàyé náà ni òun olùkọ́ sọ okùn ọ̀rọ̀ nù, kò sì rí ọ̀nà bá jáde níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún púpọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó, ó tú iṣẹ́ náà palẹ̀ pátápátá, ó sì ya àwòrán tí ó fi hàn bí ọkàn ṣe ń lọ láti inú ohun tí a mọ̀ dé ibi ohun tí a ń wá. Ní ọdún 1919, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwòrán yìí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìkọ́ni ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: láti inú ìtìjú olùkọ́ kan níwájú ọmọ tí ń múra ìdánwò.

## Iṣẹ́ ní Zürich

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ní Göttingen ní Jámánì àti ní Paris, Adolf Hurwitz ṣètò ipò olùkọ́ fún Pólya ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zürich ní ọdún 1914. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ológun Húngárì kò kọ́kọ́ gbà á nítorí ọgbẹ́ tí ó gbà nídìí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n padà pè é, ó kọ̀ láti lọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí a bí i sí. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, ó sì fẹ́ Stella Vera Weber ní ọdún 1918. Ọdún 67 ni wọ́n jọ lò gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya.

Àwọn iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn onímọ̀ ìṣirò pọ̀ ní Zürich. Nígbà kan tí ó ń rìn nínú igbó, ó ń pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ léraléra láì mọ̀ọ́mọ̀. Èyí mú kí ó ronú nípa ìrìn ẹni tí kò ní ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 1921, ó fi ẹ̀rí hàn pé bí ènìyàn bá ń rìn kiri láàárín àwọn òpópó tí ó dábùú ara wọn, tí ó sì ń yà síbikíbi ní gbogbo oríta, ó dájú pé yóò padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún lè máa gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀, ìdánilójú yẹn kò sí mọ́. Ní ọdún 1924, ó ṣàlàyé àwọn ọ̀nà 17 tí ọnà tí ń tún ara rẹ̀ ṣe lè gbà bo ilẹ̀ tẹ́jú, àpilẹ̀kọ yìí sì wúlò fún ayàwòrán M. C. Escher. Ní ọdún 1937, ó tẹ òfin ìkàyé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì fi ń ka oríṣi èròjà.

Ní ọdún 1925, òun àti Gábor Szegő tẹ ìwé iṣẹ́ ìṣirò alápá méjì kan jáde ní èdè Jámánì. Ìtò ìwé náà yàtọ̀ sí ti àwọn ìwé tí ó ṣáájú rẹ̀: wọn kò pín iṣẹ́ inú rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú orí ọ̀rọ̀, bí kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ọ̀nà tí a ń gbà yanjú wọn. Ẹni tí ó bá yanjú àwọn ti àkọ́kọ́ yóò rí ọgbọ́n tí yóò fi yanjú èyí tí ó tẹ̀ lé wọn. Èrò tí Pólya ti ní nídìí kíkọ́ ọmọ ìjòyè náà ni ó tún fara hàn níbí fún àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́.

## Amẹ́ríkà àti ìwé How to Solve It

Ní ọdún 1940, nígbà tí ìjọba Násì ń halẹ̀ mọ́ gbogbo Yúróòpù, Pólya àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kọ́kọ́ kọ́ni ní Yunifásítì Brown, ó sì bọ́ sí Stanford ní ọdún 1942. Ó ti kọ ìwé kan ní èdè Jámánì kí ó tó kúrò ní Zürich, lórí bí a ṣe ń yanjú iṣẹ́ ìṣirò. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni ó gbé ẹ̀dà èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ kí ó tó rí èyí tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Princeton gbé e jáde ní ọdún 1945 pẹ̀lú orúkọ How to Solve It. Iye ẹ̀dà tí a ti tà lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè.

Ìwé náà pín iṣẹ́ yíyanjú sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin: kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ yé ènìyàn; kí ó wá ọ̀nà tí yóò gbà; kí ó tọ ọ̀nà náà; kí ó sì bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ó ṣe. Lábẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó to àwọn ìbéèrè tí olùkọ́ lè bi akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ìlànà kan ṣe pàtàkì lórí gbogbo wọn: ìbéèrè olùkọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ì bá ti bi ara rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ń béèrè nǹkan kan náà lójoojúmọ́, yóò di ohùn inú lọ́hùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí olùkọ́ kò bá sí nítòsí mọ́.

Pólya tún kọ́ni pé ìrànlọ́wọ́ ní ìwọ̀n. Bí ó bá kéré jù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó sójú kan. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní sí ohun tí ó kù fún un láti ṣe. Fún ọmọ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, ó ní kí olùkọ́ fọgbọ́n ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀nà tí kò ní hàn, kí ọmọ náà lè rí i pé òun ní ìpín nínú iṣẹ́ tí a ṣe.

## Àpẹẹrẹ ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀

Àpẹẹrẹ kan tí ó lò nínú ìwé náà ni ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ sọ gígùn, ìbú àti gíga yàrá náà, ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá gígùn okùn tí a bá nà láti igun kan nílẹ̀ la àárín yàrá kọjá, títí dé igun òdìkejì lókè àjà. Bí wọ́n bá dákẹ́, olùkọ́ kò ní sọ òfin tí wọn yóò lò. Yóò béèrè ohun tí wọ́n ń wá, wọn yóò ní gígùn ìlà kan ni. Yóò béèrè bóyá wọ́n ti yanjú iṣẹ́ kan rí tí ó jẹ́ gígùn ìlà ni wọ́n wá níbẹ̀, wọn yóò sì rántí òfin Pythagoras lórí àwòrán onígun mẹ́ta. Nígbà náà ni yóò béèrè bóyá wọ́n lè rí onígun mẹ́ta kan nínú yàrá yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń là.

Bí a bá fi àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 12 dán an wò, ìlà tí ó ti igun dé igun lórí ilẹ̀ àpótí náà yóò jẹ́ 5, nítorí pé 16 àti 9 jẹ́ 25. Ìlà yìí àti gíga àpótí yóò tún di onígun mẹ́ta mìíràn: 25 àti 144 jẹ́ 169, nítorí náà 13 ni ìdáhùn. Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Olùkọ́ yóò tún béèrè bí ìdáhùn yóò ṣe rí bí gíga àpótí bá di òdo, àti bóyá ìdáhùn yóò yí padà bí a bá dojú àpótí náà dé ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí kò ní láti há òfin náà sórí.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti omi. Ènìyàn ní ohun èlò méjì, ọ̀kan gba ìwọ̀n 9, èkejì gba ìwọ̀n 4, ó sì fẹ́ pọn ìwọ̀n 6 gẹ́lẹ́ nínú odò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa bu omi síhìn-ín dà á sọ́hùn-ún láì dé ibì kan. Pólya ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Bí 6 yóò bá kù nínú ohun èlò ńlá, a jẹ́ pé ó kún, a sì ti da 3 kúrò nínú rẹ̀. A lè da 3 gẹ́lẹ́ kúrò bí 1 bá ti wà nínú ohun èlò kékeré tẹ́lẹ̀. A sì lè rí 1 bí a bá pọn 9, tí a da 4 kúrò lẹ́ẹ̀méjì. Ẹni tí ó bá ti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀ báyìí yóò kàn yí ẹsẹ̀ padà ni, iṣẹ́ ti parí.

## Kíkọ́ àwọn olùkọ́

Pólya fẹ̀yìn tì ní Stanford ní ọdún 1953, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ó kọ ìwé alápá méjì lórí ìfọgbọ́nméfò nínú ìṣirò ní ọdún 1954, ó sì tẹ Mathematical Discovery jáde ní apá méjì, ní ọdún 1962 àti 1965. Ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ girama ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Lójú rẹ̀, àìsàn tí ń bẹ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn olùkọ́ pẹ̀lú: púpọ̀ nínú wọn kò fúnra wọn yanjú iṣẹ́ tí ó tuntun sí wọn rí, báwo ni wọn yóò ṣe fi ohun tí wọn kò ní kọ́ ọmọ? Nítorí náà, iṣẹ́ ìṣirò ni ó máa ń gbé fún wọn láti ṣe, kí ó tó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìkọ́ni.

Ó ṣe òfin mẹ́wàá fún olùkọ́. Lára wọn ni pé kí olùkọ́ fẹ́ràn ohun tí ó ń kọ́ni, kí ó mọ̀ ọ́n dájú, kí ó máa wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ó ti ṣòro fún un, kí ó fi ara rẹ̀ sí ipò wọn, kí ó má ṣe tú gbogbo àṣírí iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì máa dábàá, kí ó má fipá mú wọn gbà.

Àbá méfò ṣe pàtàkì sí i. Nínú fíìmù kan tí a ṣe nípa ìkọ́ni rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, tí a pè ní Let Us Teach Guessing, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méfò iye ìpín tí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tí kò lópin lè gé òfúrufú sí. Pátákó kan gé e sí 2, méjì sí 4, mẹ́ta sí 8. Ó rọrùn láti rò pé mẹ́rin yóò gé e sí 16, ṣùgbọ́n 15 ni; márùn-ún sì gé e sí 26. Àbá tí kò tọ̀nà kì í ṣe ohun ìtìjú ní kíláàsì rẹ̀. Ohun tí a fi ń wá òtítọ́ ni, bí a bá ti lè dán an wò.

Láti ọdún 1946 títí di 1965, Stanford ń ṣe ìdíje ìṣirò fún àwọn ọmọ girama. Pólya àti Szegő ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní àwòṣe ìdíje Húngárì. Ní ọdún 1962, Pólya wà lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó fọwọ́ sí ìwé kan tí ó tako bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀kọ́ ìṣirò girama padà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kìlọ̀ pé kò yẹ kí a máa kó èrò tí kò ṣeé fojú rí fún ọmọ kí ó tó rí àpẹẹrẹ tí ó ṣeé dìmú, àti pé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe fún àwọn tí yóò di onímọ̀ ìṣirò nìkan.

## Àwọn ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti kù

Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí yíyanjú iṣẹ́ ìṣirò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ girama fún ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin Pólya wá kún inú ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Níbi púpọ̀, wọ́n di ohun tí à ń kọ́ sórí bí òfin mìíràn, èyí tí ó tako ìdí tí ó fi kọ wọ́n.

Alan Schoenfeld, tí ó ṣe ìwádìí lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń yanjú iṣẹ́ ìṣirò, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1985 pé ìmọ̀ràn Pólya gbòòrò jù fún akẹ́kọ̀ọ́ láti lò bí ó ṣe wà. Ẹni tí ó ti mọṣẹ́ yóò dá a mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ wá iṣẹ́ tí ó jọ èyí, ọ̀nà tí nǹkan gbà ń jọra pọ̀. Ó fi hàn pé a ní láti fọ́ ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí a fi kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì tún kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa ṣọ́ bóyá ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ń gbé e lọ síbi tí ó yẹ. Ìwádìí yìí kò pa iṣẹ́ Pólya rẹ́. Láti inú rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Pólya ṣì kọ́ kíláàsì kan ní Stanford ní ọdún 1978, nígbà tí ó ti pé ọmọ 90 ọdún. Ó kú ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, ní 7 Oṣù Kẹsàn-án 1985, lẹ́ni ọdún 97. Stella, ìyàwó rẹ̀, gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn òfin ìṣirò tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá a pàdé láì mọ orúkọ rẹ̀ ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ọ̀nà bá dí mọ́ ọmọ kan, tí olùkọ́ rẹ̀ sì fi chọ́ọ̀kì sílẹ̀, tí ó rọra béèrè ohun tí a ń wá àti ohun tí a ti mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì dúró de ìdáhùn.